Ọgbẹ́ Kò Gbọdọ̀ Wà Lẹ́yìn

Nílé wa, bí ọmọdé bá sunkún wọlé, ìyá àgbà kì í kọ́kọ́ béèrè ẹni tó nà án. Wọn á gbá a léjìká mú, wọn á yí i padà, wọn á ká aṣọ rẹ̀ sókè, wọn á wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ojú pàṣán bá wà lẹ́yìn, a jẹ́ pé ibi tó ti ń sá lọ ni wọ́n ti bá a. "Lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ," ni wọn yóò wí, ọ̀rọ̀ sì ti bùṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iwájú ni ọmọ náà ti fara gbọgbẹ́, lórí eékún tàbí níwájú orí, wọn á mú ẹran kan nínú àwo tiwọn, wọn á fi sí i lẹ́nu, kí wọ́n tó wá béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Mo jẹ ẹran yẹn dáadáa. Mo sì fọ ẹsẹ̀ nígbà mìíràn, mi ò ní purọ́.

Ọ̀dọ̀ bàbá bàbá wọn ni wọ́n ti jogún àṣà yìí. Ẹ̀ṣọ́ ni baba náà, jagunjagun Ìkòyí-Ilé, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí ayé ń sọ nípa ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, pé wọn kì í gba ọfà lẹ́yìn. Ohun tí ayé kò mọ̀ ni pé nígbà tí ogun parí, baba yìí gbé ọfà kọ́, ó gbé ọkọ́, ó sì jókòó sábẹ́ igi ìṣin tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ro gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ọdún gbọọrọ ló fi rò ó. Kò mọ̀wé, kò kọ ọ́ síbì kan, àmọ́ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó rò já ló ń tẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ létí, àwọn náà sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ tiwọn létí. Má gba ọgbẹ́ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ṣubú, má lù ú mọ́. Ohun tí o bá máa sọ nípa ènìyàn, sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, ìwọ ni asà rẹ̀.

Èmi ń fi í gbé ayé mi, ojú ò sì tì mí. Àwọn tó mọ̀ mí ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ogun wo ló kù tí mo ń jà. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé èyí tí gbogbo yín ń sá fún ni.

Iṣẹ́ àga ni mo kọ́, ní Ọ̀yọ́, nítòsí ọjà Akẹ̀sán. A máa ń gé fóòmù, a máa ń rán awọ tàbí aṣọ bò ó, a ó sì kàn án mọ́ igi àga. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ń gé fóòmù lọ́wọ́, mo gbọ́ tí àwọn méjì ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé ọwọ́ obìnrin kò lè fa awọ kó le, pé ilé ọkọ ni màá gbé àbọ̀ iṣẹ́ náà lọ. Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀, mo yíjú padà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Mo ti kọjú sí yín báyìí." Ọ̀kan ń wo bàtà rẹ̀, èkejì ń wá ìṣó tí kò sọnù. Mo fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ, nítorí ẹnu mi mú, àmọ́ ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ọmọ Ìkòyí," ó ní, "fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti ṣubú." Mo gbé ọ̀bẹ mi.

Nígbà tí mo gba òmìnira iṣẹ́, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Takie, mo sì gba yàrá kan sí ẹ̀gbẹ́ títì. Kò pẹ́ sí i ni ìyá àgbà ṣubú ní Ìkòyí-Ilé, tí apá kan ara wọn kò sì dáhùn mọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Ẹ máa yí Màmá padà ní wákàtí méjì méjì o. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì. Tí wọ́n bá ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn yẹn máa bó, ó sì máa dá egbò." Ọ̀rọ̀ náà yé mi ju bó ṣe rò lọ. Fóòmù tí ènìyàn bá ń jókòó sí ojú kan náà lára rẹ̀ lójoojúmọ́, ojú yẹn ló máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Ìyá àgbà ni kò gbà. Yàrá mi ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan sí ojú títì, ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí a ti ń dáná. Ẹ̀gbẹ́ yòówù tí wọ́n bá fi sùn, wọn yóò kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn kan. Wọ́n ní ó di èèwọ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀ṣọ́ kì í kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí n ti ọ̀kan pa, wọ́n ní ilẹ̀kùn tí a tì pa, ṣé ó ti di ògiri ni? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀ gbalaja tí wọ́n ń wo òkè, tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú ṣọ́ ilẹ̀kùn méjèèjì. Agbára ni mo fi ń yí wọn. Wọn á bú mi, wọn á bú ẹni tó bí mi, ẹni tó bí mi yìí sì ni ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn. Mo ń yí wọn náà ni.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ pé àwọn gba iṣẹ́ àga gbọ̀ngán ńlá kan, kí n wá ran àwọn lọ́wọ́. Ọjọ́ márùn-ún péré ni. Mo fi ìyá àgbà sílẹ̀ fún àbúrò mi obìnrin, aládùúrà ni, ó ń ta ata ní Ọjà Igbó, kò sì sí ẹni tó níwà tútù tó o. Mo sọ fún un pé wákàtí méjì méjì. Ó ní, "Mo ti gbọ́, àǹtí mi."

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi nígbà tí mo dé. Mo yí ìyá àgbà padà, mo ká aṣọ wọn sókè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ká tèmi ní kékeré. Ọgbẹ́ náà wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn, ó fẹ̀ tó ẹnu ife, àárín rẹ̀ ti dúdú.

Àbúrò mi ti kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. "Àǹtí mi, wọ́n ní kí n má yí àwọn. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà ni. Màmá ni wọ́n, mi ò lè bá wọn jiyàn." Mo pariwo mọ́ ọn débi pé àwọn aládùúgbò yọjú. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ. Ó da ojú bolẹ̀, ó ń sunkún, mo sì ti ń kó òmíràn jọ sẹ́nu, ìgbà náà ni mo rántí pé ó ti wà nílẹ̀. Mo fà á dìde. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ mo fà á dìde.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin wá láti Ìkòyí-Ilé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wo ọgbẹ́ náà, wọ́n sì mi orí. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," wọ́n ní. "Ọgbẹ́ arúgbó kì í jiná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi títí Ọlọ́run á fi pè wọ́n." Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ ní tèmi, àmọ́ ojú wọn ni mo ń wò. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ọmọ ẹ̀ṣọ́ ni yín. Ṣé ọgbẹ́ ẹ̀yìn ni ẹ fẹ́ kí Màmá gbé lọ bá àwọn baba wọn? Kí wọ́n yí wọn padà lọ́hùn-ún, kí wọ́n sì ní kí wọ́n lọ fọ ẹsẹ̀? Kò ní ṣẹlẹ̀. Wọn ò ní kú títí yóò fi jiná." Wọ́n ní mo ti ń ya wèrè. Bóyá. Wọ́n wọ ọkọ̀ padà sílé.

Ó ku ìyá àgbà fúnra wọn. Ta ló rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ rí? Wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa kí n lè máa rí àwọn yí kiri bí ẹni ń yí àkàrà nínú epo. Mo gbé fóònù mi, mo ya àwòrán ọgbẹ́ náà, mo sì gbé e síwájú ojú wọn. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ta lèyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ẹ̀yìn tèmi?"

"Ẹ̀yìn yín ni."

Omi kan já bọ́ lójú wọn, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí lọ sínú ìrọ̀rí. N kò rí ẹkún wọn rí ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. "Ta ló ta mí lọ́fà?" ni wọ́n bi mí.

Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Orí ibi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí tí wọ́n ń ṣọ́nà ni ọgbẹ́ ti bá wọn. Mo wá bi wọ́n pé, "Màmá, ẹni tó bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́ ńkọ́?"

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi.

"Ẹ fi tiyín lé mi lọ́wọ́," ni mo wí.

Ọjọ́ náà ni mo kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sí yàrá. Mo gé fóòmù tuntun tó nípọn, mo gbẹ́ ihò sí ojú ibi tí ọgbẹ́ náà yóò kàn nínú rẹ̀ kí ohunkóhun má bàa kan án, nọ́ọ̀sì sì ní mo ṣe dáadáa. Bí ìyá àgbà bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, tí wọ́n kẹ́yìn sí títì, èmi á gbé àpótí ìjókòó mi sẹ́nu ọ̀nà títì, màá máa rán awọ níbẹ̀. Tí wákàtí méjì bá pé, màá yí wọn sí òsì, màá gbé àpótí mi lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò mi náà ń wá gbà mí tí ó bá ti ọjà dé. Kì í bá wọn jiyàn, ó kàn ń jókòó sẹ́yìn wọn, ó ń kọ orin ìjọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyá àgbà, mùsùlùmí paraku, ń fi ìka lu ìrọ̀rí tẹ̀lé e.

Tí wọ́n bá ti yíjú sápá kan, wọn á béèrè pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Màmá."

Ìbéèrè kan náà nìyẹn, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́, ní gbogbo àsìkò òjò yẹn.

Oníbàárà mi ń dín kù. Àwọn kan dé Takie, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n gbé àga wọn lọ fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan tí mo jàjà lọ, ọ̀gá oníṣẹ́ àga kan níbẹ̀ sọ ọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn pé ṣebí àwọn ti wí, iṣẹ́ àga kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, pé mo ti padà sídìí arúgbó. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló máa jókòó sídìí tiyín?" Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, mo sì gbé ojú kíkorò wọlé. Ìyá àgbà wò mí. Wọ́n fi ọwọ́ wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ṣe bí ẹni pé kí n yí padà. Mo kúnlẹ̀, mo kẹ́yìn sí wọn, èmi àgbàlagbà. Wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀yìn mi láti òkè délẹ̀. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," wọ́n ní. Wọ́n mú ẹran tó wà nínú àwo wọn, ọbẹ̀ ń kán sí mi láyà, wọ́n sì fi sí mi lẹ́nu.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọgbẹ́ náà pa ẹnu dé. Nọ́ọ̀sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún tó tẹ̀lé e, ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan, ìyá àgbà lọ. A gbé wọn lọ sí Ìkòyí-Ilé. Àwọn obìnrin tó fẹ́ wẹ̀ wọ́n ní kí n jókòó síta, mo ní ó tì. Nígbà tí wọ́n yí wọn, mo tẹ̀ síwájú. Ojú àpá kan wà níbẹ̀, ó ń dán, ó jiná pátápátá. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo agbo ilé lè gbọ́. "Bàbá, ẹ̀yìn Màmá mọ́." Wọ́n tẹrí ba. N kò lù wọ́n mọ́.

Bí a ṣe ń sìnkú mùsùlùmí la ṣe sin wọ́n. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tẹ́ wọn, wọ́n kọ ojú wọn sí gábàsì. Ẹ̀yìn wọn wá kọ sí ojú ọ̀nà tó wọ agbo ilé. Àáfà ní kí àwọn obìnrin padà sínú ilé. Àwọn yòókù padà. Ẹnìkan fà mí lápá, mo gba apá mi. Mo rìn yí sàréè náà po, mo lọ dúró síhà ibi tí ẹ̀yìn wọn wà, láàárín wọn àti ojú ọ̀nà, títí wọ́n fi bo iyẹ̀pẹ̀ tán.

Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo dáhùn síbẹ̀síbẹ̀.

"Mo wà níbẹ̀, Màmá."