Èmi Ni Mo Di Ẹrù Náà

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi arìnrìn-àjò ní pápákọ̀ òfurufú: ta ló di ẹrù yìí? Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ kí ọmọbìnrin mi tó lọ, mo sì ti kọ́ ọ ní ìdáhùn. Mo ní, “Wí pé ìwọ lo dì í. Má dárúkọ ẹlòmíràn, kí wọ́n má baà dá ọ dúró.” Mo mú un sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Èmi ni mo di ẹrù náà.

Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò ní fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ láìjẹ́ pé mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo ṣe tọ́ ọmọ mi kan ṣoṣo náà nìyẹn. Kò gun ọ̀kadà rí títí ó fi jáde ilé-ìwé nọ́ọ̀sì. Omi tó ń gbé lọ síbẹ̀, èmi ni mò ń sè é.

Nígbà tí ilé-ìwòsàn kan ní ìlú òyìnbó gbà á síṣẹ́, tí físà sì jáde, àwọn aládùúgbò gbé ẹrù wá bí ìṣe wa. Ẹni tó bá ní ẹbí lọ́hùn-ún yóò fi nǹkan rán arìnrìn-àjò. Mo tú gbogbo rẹ̀ wò níṣojú wọn. Mo tọ́ iyọ̀ wò. Mo ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀lùbọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ìyá kan bínú, ó bi mí bóyá kọ́sítọ́ọ̀mù ti gbà mí síṣẹ́. A jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹyọ ẹrù kan ni mi ò tú. Ọjọ́ tí ìrìn àjò ku ọ̀la, a lọ kí àbúrò bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ awọ ni wọ́n ń ṣe: tìmùtìmù, àpò, bàtà. Wọ́n gbàdúrà lé nǹkan kan lórí, tí wọ́n wé sínú aṣọ funfun tí wọ́n sì rán ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n ní kí ọmọ mi má tú u títí yóò fi wọ yàrá tí yóò máa sùn. Nílé wa, ohun tí àgbà bá gbàdúrà sí báyìí, a kì í tú u lójú ọ̀nà. Bí ẹní da àdúrà náà nù ni. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀. Mo fi sí ìsàlẹ̀ báàgì.

Pọ́ọ̀sì awọ òjòlá ni. Òfin kò gbà kí á gbé irú awọ bẹ́ẹ̀ jáde láìgba ìwé àṣẹ. Èmi ò mọ̀, Bàbá náà ò mọ̀. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè tú u ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n bi ọmọ mi pé ta ló di ẹrù. Ó ní òun ni. Wọ́n ní kó rò ó dáadáa. Ó ní òun ni. Ọkọ̀ òfurufú gbéra, ó fi í sílẹ̀. Wọ́n gba pọ́ọ̀sì, wọ́n gba páásípọ́ọ̀tù, wọ́n ní kó máa lọ sílé, àwọn ń ṣèwádìí.

Oṣù mélòó kan kọjá. Wọn ò pè é lẹ́jọ́, wọn ò sì dá ìwé rẹ̀ padà. Ilé-ìwòsàn náà sún ọjọ́ iṣẹ́ síwájú fún un lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá kọ̀wé pé àwọn ò lè dúró kọjá ìparí oṣù tí físà yóò kú. Bí páásípọ́ọ̀tù kò bá tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Lọ́yà wa ní kí n lọ búra pé èmi ni mo di ẹrù, kí Bàbá náà sì búra. Ọmọ mi kọ̀. Ó ní, “Mọ́mì, tí ẹ bá ní ẹ̀yin ni, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú.” Mo lọ búra láìgba ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì gbé ìwé ìbúra ti Bàbá lọ bá wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Bàbá gbọ́ ẹjọ́ náà tán, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Òjòlá tí àwọn ọdẹ pa ní Ìkòyí-Ilé, tí wọ́n ti jẹ tán, òun ni n ó lọ ṣàlàyé fún ìjọba?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Àdúrà tí mo ṣe sí i ńkọ́? Ṣé wọ́n gba ìyẹn náà ni?” Wọ́n tẹ̀ka sí ìwé ìbúra.

Lọ́yà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Adájọ́ ka ìwé wa, ó bi agbẹjọ́rò àwọn aṣọ́bodè pé ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kan ọmọ yìí. Agbẹjọ́rò náà ní ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Adájọ́ ní ìwádìí lè máa lọ, àmọ́ kò sí òfin tó ní kí wọ́n ti páásípọ́ọ̀tù ẹni tí wọn ò fẹ̀sùn kàn mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ó pàṣẹ kí wọ́n dá a padà láàárín ọjọ́ méje. Mo fi ìka mi kà á níbi tí mo jókòó sí: ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí oṣù parí. Mo fi aṣọ bojú, mo sunkún ayọ̀.

Ọjọ́ méje pé, wọ́n ní ọ̀gá tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ rìnrìn àjò. Lọ́yà padà sí kóòtù. Ọjọ́ kejì oṣù tuntun ni wọ́n tó gbé ìwé náà jáde. Ọmọ mi fọwọ́ sí i pé òun ti gbà á. Ó ṣí i sí ojú ewé físà, ó wò ó, ó pa á dé.

Mo na ọwọ́ kí n bá a wé e sínú ọ̀rá, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó fi sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó fa síìpù.

“Ẹ má bínú, Mọ́mì. N ó máa tọ́jú ẹ̀ fúnra mi.”

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Bóyá ìbínú ìbá sàn fún mi.

Lẹ́yìn náà, ó rí iṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn kan ní Ọ̀yọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ kó lọ, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sáré wálé kí n bá a di ẹrù. Ó ti dì í tán. Mi ò bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bi í bóyá ó rántí àwọ̀n ẹ̀fọn. Ó ní òun rántí.