Ìwé Tó Ní Kò Sí Nǹkan Tó Ṣe Màmá Lábọ̀dé

Ojú ọ̀nà tó gun Òkè-Ọ̀kà ni Màmá Naomi Lábọ̀dé kú sí, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò tíì rìn dé ìdajì òkè tó fi fọwọ́ gbá àyà mú, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Nínú báàgì rẹ̀ la ti rí ìwé tí ọsíbítù kan ní Ìkàrẹ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ìwé náà ní ọkàn rẹ̀ dáa, kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé àkókò rẹ̀ ló tó. Wọ́n sọ ọ́ létí sàréè, mo gbọ́, mo dákẹ́ nítorí òkú. A ti sin òkú tán báyìí.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ọ̀kà, ní Ìkàrẹ́ àti ní Ògbàgì. Ó kọ́ èmi náà. Kì í na ẹni tó bá ṣi ìṣirò ṣe. Ẹni tó bá wo tẹlòmíì kọ ló máa ń rí pípọ́n ojú rẹ̀. Á ní, "Bó ò bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni mi ò ní í gbà." Bẹ́ẹ̀, á tún pín iṣu sísè tó gbé wá fún ọmọ tí kò jẹun kúrò nílé.

Láti oṣù Keje ni nǹkan ti ń tẹ̀ ẹ́ láyà bó bá ń gun òkè. Bó bá dúró, á lọ. Ní ọsíbítù Ìkàrẹ́ náà, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ ya ìlà, ìlà náà dáa. Wọ́n wá ní kó lọ rìn lórí ẹ̀rọ ìrìn, èyí tó máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, ohun tó sì yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń kú lọ, ta ló máa mọ̀ nígbà tó bá wà nínú gáréèjì? Ẹ jẹ́ kó gun òkè Ọ̀kà ná. Ọkàn tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń dí, bó bá ń sinmi, ẹ̀jẹ̀ tó ń rí á tó o. Bó bá ṣiṣẹ́, kò ní tó o mọ́, ìlà tí ẹ̀rọ ń yà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Nítorí náà ni dókítà ṣe gbọ́dọ̀ dúró ti aláìsàn, kó máa wo ìlà náà bí ẹni náà ṣe ń rìn.

Ta ló dúró ti Màmá Lábọ̀dé? Raheem nìkan ni, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ó ti lé lógójì ọdún, Màmá ló sì kọ́ òun náà. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún wa, nígbà tó wá sílé Màmá lọ́jọ́ kẹjọ ikú rẹ̀.

"Mo rí i pé wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú bá tì mí," ó ní. "Ẹni tó kọ́ mi ní a, b, d, kí n dúró, kí n máa wò wọ́n kí wọ́n máa sáré níwájú mi? Mo ní, 'Màmá, ó ti tó, ẹ jókòó.' Wọ́n ní, 'Raheem, jẹ́ kí n parí ẹ̀.' Mo bá pa ẹ̀rọ."

Ìṣẹ́jú méjì péré.

Àyànfẹ́olúwa, ọmọ Màmá, bi í pé, "Kí lẹ wá kọ síwèé?"

"Mo kọ pé ó dáa. Ọjọ́ Ajé ni dókítà máa ń fọwọ́ sí ogún ìwé òfìfo sílẹ̀, a ò ní í rí àwọn fúnra wọn mọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Àmì méjì ló wà níbẹ̀, 'ó dáa' àti 'kò dáa'. Kò síbi tí mo lè kọ ọ́ sí pé a ò parí ẹ̀."

Mo gbé ìwé gígùn tí ẹ̀rọ ya ìlà sí, èyí tí Raheem mú wá fún wa, lọ bá dókítà ọkàn kan ní Àkúrẹ́. Kò wò ó pẹ́ tó fi fi ìka tẹ ìparí rẹ̀. "Ó ti ń rẹlẹ̀ níbí," ó ní. "Ẹni tó bá wo èyí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìyá yìí lọ sílé lọ́jọ́ náà." Ẹni tó bá wò ó, àbí? Kò sẹ́ni tó wò ó.

Raheem jẹ̀bi, ó sì mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ Màmá, kò dìde títí Àyànfẹ́olúwa fi fà á sókè. Dókítà ńkọ́? Ó bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá síbi ìsìnkú, ó jẹun, ó mu, ó gba máìkì, ó ní èèyàn dáadáa ni olóògbé. Ibo lẹ ti mọ̀ ọ́n, sà? Ọjọ́ wo lẹ fojú kàn án? Ẹ fọwọ́ sí ìlera ẹni tẹ́ ò rí rí, ẹ tún wá jẹ ìrẹsì òkú rẹ̀. Inú ń bí mi, mi ò sì ní í bò ó.

Mélòó ni wọ́n, láti Àjọwá títí dé Sosan, tí wọ́n ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri, tí wọ́n ń roko, tí wọ́n ń ru ẹrù, torí wọ́n sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan? Kí ọsíbítù náà pe gbogbo wọn padà. Kí ẹnikẹ́ni má gun ẹ̀rọ yẹn mọ́ láìsí dókítà níbẹ̀. Kí wọ́n sì mú ẹni tó fọwọ́ sí ìwé Màmá wá jókòó níwájú ọmọ rẹ̀, kó sọ ohun tó rí kó tó fọwọ́ sí i.

Mo dé ọsíbítù náà ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Èèyàn mẹ́fà ló jókòó tí wọ́n ń retí ẹ̀rọ. Àwọn ìwé tuntun wà lórí tábìlì, wọn ò tíì kọ orúkọ aláìsàn kankan sí wọn. Orúkọ dókítà ti wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òun ò mọ ẹni tí à ń wá.