Oṣù Kan tí Ẹsẹ̀-Irin Fi Sinmi

Ìròyìn tó kọ́kọ́ kàn wá lára ni pé orí Ẹsẹ̀-Irin ti dàrú. Wọ́n ní lívù oṣù kan tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fún un, tó lọ lò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn, ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láràárọ̀ ló ń gbé àpò ńlá kọ́ èjìká, tó ń dúró lẹ́nu géètì onígéètì, tó ń ka nọ́ńbà ilé sókè ketekete, tó máa mi orí, tó máa tún kọjá. Ẹni tó sọ ọ́ fi Bíbélì búra fún wa, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé eruku nìkan ló ń ka Bíbélì nílé rẹ̀. Nítorí náà a gba ìdajì gbọ́, a fi ìdajì yòókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìgbà tí òótọ́ dé, a rí i pé àpò wà, géètì wà, orí mímì náà wà. Wèrè nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Apínlẹ́tà ni Ẹsẹ̀-Irin. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pín lẹ́tà ní àdúgbò kan náà. Kò gun kẹ̀kẹ́ rí, ká má tíì sọ alùpùpù. Ó mọ ajá tó ń gbó, ó mọ ajá tó ń gé ni jẹ láì gbó. Ó mọ ilé tí ìwé ẹjọ́ ń wọ̀, ó sì mọ ilé tí ìyá arúgbó ti ń retí lẹ́tà ọmọ tí kò dé. Èjìká òsì ló fi ń gbé àpò. Kí àpò má bàa gbé e ṣubú, ara rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ sí ọ̀tún, nígbà tó sì yá, ara gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dúró gbọọrọ. Bí ó bá dìde láti kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ á dẹ etí sílẹ̀, á rò pé ó fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ ẹlòmíì.

Kí ó tó lọ sí lívù yìí, dókítà ibi iṣẹ́ wọn pè é. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ga. Ẹ lọ sinmi. Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà dé, n ó wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ńbà òkè bá fi lè kọjá ogóje, kántà ni n ó kọ fún yín."

Kántà ni ibi tí wọ́n ti ń ta sítáǹbù. Èèyàn á jókòó sẹ́yìn gíláàsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bí ẹja inú ìgò. Àwọn mìíràn ń gbààwẹ̀ kí wọ́n lè gbé wọn síbẹ̀. Ní ti Ẹsẹ̀-Irin, ọdún méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn parí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n gbé sí kántà kò lo ọdún kan níbẹ̀ tó fi di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Alẹ́ ọjọ́ tó di ẹrù rẹ̀, àdúrà tó gbà kò gùn: "Olúwa tó fún mi ní ẹsẹ̀ méjì, má jẹ́ kí àga kan ṣoṣo gbà á lọ́wọ́ mi."

Àṣé ilé tí àga wà gan-an ló ń lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí, olùkọ́ ni, ilé-ẹ̀kọ́ sì ti wà ní ọlidé. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, òun àti ọkọ rẹ̀ tó ń wakọ̀ ọ̀nà jíjìn, tí kì í sí nílé. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa ló ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi gbé bàbá rẹ̀ lé orí tìmùtìmù.

"Bàbá mi, ìsinmi lẹ wá ṣe. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ó gbé e sórí àga onítìmùtìmù níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀, búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Ní agogo mẹ́wàá, nǹkan tí wọ́n fi ń dúró de oúnjẹ. Ní ọ̀sán, oúnjẹ náà fúnra rẹ̀, tí ẹran bo ìrẹsì lójú. Bí ó bá ní òun fẹ́ lọ mu omi, omi á ti dé iwájú rẹ̀. Bí ó bá dìde, wọ́n á bi í pé kí ló dùn ún. Lọ́jọ́ karùn-ún, bọ́tìnì ṣòkòtò rẹ̀ àti ihò rẹ̀ kò rí ara wọn mọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà ó yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìtajà oògùn tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn. Ìyá olóògùn wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wò ó.

"Bàbá, ọgọ́jọ ó lé méjì ni nọ́ńbà òkè o."

"Ṣé ẹ̀rọ yín kò ti bàjẹ́?"

"Ẹ̀rọ mi kì í jẹ ẹran díndín, Bàbá."

Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ là. Àwọn àgbà ní iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní í pani. Wọ́n gbàgbé ìjókòó.

Lọ́jọ́ kejì, kí ọmọ tó jí, ó ti dé títì. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn yọjú. Kò sí àpò léjìká òsì, ara sì ń tẹ̀ sí ọ̀tún. Bó bá rìn ní ogún ìṣísẹ̀, á bá ara rẹ̀ létí gọ́tà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ dúró, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bàbá, ilẹ̀ mà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni o! Níbo lẹ ti rí i mu?"

Ẹsẹ̀-Irin, tí kò fi ọtí kan ẹnu láti ìgbà tó ti ṣèrìbọmi! Ó yí padà lọ́gán, ó gun àtẹ̀gùn lọ sílé, ó wá àpò àtijọ́ kan tí ọkọ ọmọ rẹ̀ ti pa tì, ó ki ìwé ìṣirò mẹ́jọ àti ìwé atúmọ̀ èdè kan sínú rẹ̀. Ó gbé e wò, ó yọ ìṣirò kan kúrò, ó tún gbé e wò. Ìwọ̀n àpò ọjọ́ Ajé gẹ́lẹ́ ni. Ó gbé e kọ́ èjìká, ara rẹ̀ sì tọ́ bí òpó iná.

Láti ọjọ́ náà, agogo mẹ́jọ kì í lù bá a nílé. Ojú pópó mẹ́ta ló máa ń rìn já, á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á padà lágogo mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ ń lọ, òógùn ń jáde, ìgò omi wà lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú ilé láì dúró. Á dúró, ojú rẹ̀ á wá nọ́ńbà lọ. Àdúgbò náà kò sì lórí kò nídìí, nítorí nọ́ńbà méjìdínlógún ló tẹ̀lé méjìlá, mẹ́rìnlá sì fara pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ta lẹ ń wá?"

"N kò wá ẹnì kankan. Ẹ̀yin ni ẹ sọ nọ́ńbà mẹ́rìnlá nù."

Nílé, ó ní kí ọmọ máa bu oúnjẹ òun sí àwo kékeré. Ọmọ di ọwọ́ mọ́ra. "Ṣé mi ò mọ ọbẹ̀ sè mọ́ ni?" Bàbá ní ó mọ̀ ọ́n sè, ìdí náà rèé. Lópin ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá olóògùn kà á sí méjìdínláàádọ́jọ. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kó padà sílé, ó di mọ́kànlélógóje. Ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù kó bọ́ lọ́wọ́ kántà.

Ṣùgbọ́n ó ti dẹ́ṣẹ̀ kan, apínlẹ́tà nìkan ló sì lè dá irú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá aránṣọ kan na lẹ́tà mẹ́ta sí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ gbà, Bàbá. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín pé àwọn yìí kì í ṣe tèmi. Wọ́n kàn ń jù ú síbi tó bá wù wọ́n ni."

Ó yẹ kó ní òun wà ní lívù. Kí ẹnu tó ronú rẹ̀, ọwọ́ ti gbà á, ó ti to etí wọn dọ́gba, ó ti fi ti ojú pópó kejì sábẹ́. Ó mú wọn dé ilé tí wọ́n ń lọ. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin ló ń dúró dè é. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹni tó ní lẹ́tà tó ṣìnà nílé fi ń tọ́jú rẹ̀ de bàbá alápò. Bẹ́ẹ̀ ó mọ òfin. Láàárín àwọn apínlẹ́tà, ó sàn kéèyàn wọ oko olóko ju kó wọ ojú ọ̀nà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lálaalẹ́ ló ń tọrọ àforíjì, láràárọ̀ ló ń gba lẹ́tà.

Ọjọ́ tó ku ọjọ́ mẹ́ta, kí agogo mẹ́jọ tó lù, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló dúró síbẹ̀, akoto alùpùpù lábẹ́ apá, ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Àtẹ̀gùn ti gba gbogbo èémí rẹ̀.

"Ẹ... ẹ káàárọ̀. Ṣé ibí ni... bàbá tó ń bá mi pín lẹ́tà wà?"

"Lẹ́tà wo?" ni ọmọ wí. "Bàbá mi wà ní lívù."

"Lívù kẹ̀! Ojú pópó mẹ́ta ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ mi. Lánàá, ìyá aránṣọ ní kí n máa lọ, apínlẹ́tà gidi lòun ń dúró dè!"

Ẹsẹ̀-Irin dìde. Ó yọ lẹ́tà méjì tó kù nínú àpò, ó fi ọwọ́ méjèèjì na wọ́n sí ọ̀dọ́kùnrin náà.

"Má bínú, àbúrò mi. Mo ṣẹ̀ ọ́. N kò ní fọwọ́ kan lẹ́tà rẹ mọ́."

"Kò tán síbẹ̀, Bàbá. Ẹ gbé àpò yẹn sílẹ̀, kí ẹ jókòó bí àgbà. Bí mo bá tún rí yín lójú pópó mi, n ó kọ̀wé sí ọ̀gá yín."

"Ìwọ ta?" Ọmọ ti bọ́ sáàárín. "Ìwọ lo fẹ́ sọ fún bàbá mi pé kó jókòó? Èmi ọmọ rẹ̀ nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀!" Ó yí padà. "Bàbá mi, ẹ jókòó!"

Ẹsẹ̀-Irin gbé àpò sílẹ̀. "Àpò rèé. Lẹ́tà tìrẹ ni, àbúrò. Ìrìn tèmi ni."

"Ìrìn, ìrìn!" ni ọmọ wí. "Ìdí iṣẹ́ ni màmá wà tí wọ́n fi ṣubú. Wọn kò sinmi lọ́jọ́ kan. Ṣé kí n tún máa wò yín ni?"

Bàbá fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ọmọ mi, mo mọ̀. Ìtọ́jú rẹ dára. Ó kàn pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ mi lọ ni. Tí n bá jókòó ní ọjọ́ mẹ́ta yìí, màá jókòó fún ìyókù ọjọ́ ayé mi."

"Bó bá jẹ́ kí wọ́n rìn, kò burú," ni apínlẹ́tà wí, "ṣùgbọ́n kí wọ́n má dúró lẹ́nu géètì..."

"Ta ló ń ju lẹ́tà sílé onílé tí wọ́n fi ń dúró?" Ọmọ ti tún kọjú sí i. "O kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù! Wo bí o ṣe ń mí!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo èémí mi o! Ṣé ẹ mọ iye ilé tó wà níbí? Ẹ mọ ibi tí nọ́ńbà mẹ́rìnlá wà?"

"Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù," ni Ẹsẹ̀-Irin wí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ó wo aago lára ògiri. Ó bu omi kún ìgò ńlá méjì, ó fi ọwọ́ òsì kó méjèèjì dípò àpò, ó wọ bàtà rẹ̀, ó so okùn rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ máa bá a bọ̀," ló wí. "Mò ń bọ̀ lágogo mọ́kànlá."

Ọmọ ń bèèrè lọ́wọ́ apínlẹ́tà bóyá ìyá tó bí i kò kọ́ ọ pé wọn kì í halẹ̀ mọ́ àgbà, apínlẹ́tà sì ń dáhùn pé ìyá òun gan-an ló ń gbé ní nọ́ńbà mọ́kànlélógún, tí kò gba lẹ́tà láti oṣù tó kọjá, nígbà tí Ẹsẹ̀-Irin ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá àjà kejì, tó gba ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ jáde sójú pópó, tó ń rìn gbọọrọ.