Àpò Òsì Ọlọ́wọ́kan

Nígbà tí Ọlọ́wọ́kan kọ́kọ́ lọ kí bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, ó tẹríba débi pé orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò kóòtù digbí. Bàbá wò ó títí.

"Ọmọ yìí, kí lo kó pamọ́ sínú àpò tí o fi ń kí àgbà lọ́wọ́ kan?"

"Ọwọ́ tí n ó fi máa tọ́jú ọmọ yín ni, sà. Mi ò fẹ́ kí iná gbé e."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé orí ẹni tí ò ń fẹ́ yìí pé?"

Ọmọbìnrin náà ní òun kò tíì mọ̀, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí ni. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi wádìí.

Kì í ṣe ìgbéraga ló mú kí ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lápò. Ampilifáyà gìtá ayé àtijọ́, èyí tó ń fi gílóòbù ṣiṣẹ́, ni Ọlọ́wọ́kan ń tún ṣe. Bí wọ́n tilẹ̀ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, iná ṣì lè lúgọ sínú rẹ̀ bí ejò inú koríko. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ pé bí ọwọ́ méjèèjì bá wọ inú ẹ̀rọ náà, àyà ni iná yóò gbà kọjá. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ òsì ti wọ àpò, kò sì jáde mọ́. Ọwọ́ kan ló fi ń so okùn bàtà. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn ṣì wà lára ògiri: ìyàwó di apá kan mú, àpò di èkejì.

Ìyàwó yìí ló ń jìyà àpò náà, nítorí kì í pẹ́ já nídìí.

"Bàbá ọmọ, ṣé ọwọ́ yín ló yọ nísàlẹ̀ yẹn àbí eku?"

"Rán an, ìyá ọmọ. Ẹ̀mí mi lo ń rán yẹn."

Nígbà tí àpò náà já kẹ́yìn, ìyàwó bínú. Ó ní òun kò rán an mọ́, kí ọwọ́ òsì lọ wá iṣẹ́ ṣe. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Iná tó ń sá fún láti kékeré kò rí i mú. Ikọ́ lásán ló pa á. Ohun tó sọ kẹ́yìn fún ìyàwó rẹ̀ nípa iṣẹ́ ni ti ampilifáyà tó kù lórí tábìlì: "Wáyà ẹ̀gbẹ́ gílóòbù kejì ló já. Má jẹ́ kó padà sílé ní odi."

Ẹni tó ni ín, onígìtá àgbàlagbà kan, wá lẹ́yìn ìsìnkú.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ta ló tún kù tó mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ẹ jókòó."

Ó gbé kóòtù ọkọ rẹ̀ wọ̀, ó ti ọwọ́ òsì bọ àpò. Ọwọ́ náà gba ìdí àpò kọjá, ó yọ nísàlẹ̀ kóòtù. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ wá wò ó o, ọkọ mi ṣì ń bá mi jà."

Ó bọ́ kóòtù, ó wá abẹ́rẹ́, ó rán àpò náà ní ìlọ́po méjì. Ìgbà náà ló tó tún un wọ̀, tó fi ọwọ́ ọ̀tún yọ́ òjé lé wáyà tó já náà bó ṣe máa ń rí ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Ó tan súìṣì. Àwọn gílóòbù pọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ náà kùn. Onígìtá ta okùn kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá.

Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì láti dúpẹ́. Ìyá fún un ní ọ̀kan.

"Ẹ má bínú. Ọwọ́ kejì wà lẹ́nu iṣẹ́."