Bí Ọ̀nà Ṣe Jìn Tó Kí N Tó Gbé Ọmọ

Ní àwọn ọdún tí mo fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní East London, ìlú kan létí òkun ní South Africa, Johannesburg ni ọmọbìnrin mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Mo máa ń fi jíjìn ọ̀nà náà yangàn. Bí àna mi, ìyá ọkọ ọmọ mi, bá pè mí láti Iléṣà pé ṣé mo ń yọjú sí àwọn ọmọ wa, èsì mi kì í yàtọ̀: "Ìyá, láti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Èkó sí Kánò. Kì í ṣe ìrìn ọmọdé."

N kò mọ̀ pé ó ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ dè mí.

Nígbà tí ọmọ mi bí àkọ́bí rẹ̀, ìyá náà ti dé láti Iléṣà láti bá wọn wẹ ọmọ. Èmi rí àyè ọjọ́ kan péré gbà, nítorí ìdánwò ń lọ lọ́wọ́. Mo wọ ọkọ̀ òfurufú òwúrọ̀ ní pápá kékeré tiwa. Kò pé wákàtí kan ààbọ̀ tí a fi balẹ̀ sí pápá kékeré kejì, ní ìhà àríwá Johannesburg. N kò tíì ka ìwé ìròyìn mi dé ìdajì. Ọkọ ọmọ mi wá pàdé mi. A gba Sandton kọjá, àwọn iná oríta tí wọ́n ń pè ní robot ń dá wa dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, títí a fi gun àtẹ̀gùn ilé wọn ní Berea. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni n óò bá padà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá: kí n gbé ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ lé itan.

Mo na ọwọ́. Ìyá fa ọmọ sẹ́yìn.

"Àna wa, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ jókòó ná."

"Mo ti jókòó nínú ọkọ̀, Ìyá."

"Ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn dé kì í gbé ọmọ tuntun títí ooru ọ̀nà yóò fi kúrò lára rẹ̀. Àbí ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé tiyín?"

A ń ṣe é. Èmi gan-an ni mo kọ́ ọmọ mi, òun náà sì ń wò mí láti orí ibùsùn, ó fi ìborùn bo ẹnu.

"Ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ ni, Ìyá. N kò fojú kan eruku."

"Hẹ̀n-ẹn. Ṣé Kánò ti wá sún mọ́ Èkó ni?"

Ọkọ ọmọ mi sá wọ ilé ìdáná. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láàárín àwo.

Àgbà tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ na ọ̀nà kò lè fi ẹnu kan náà ká a kò. Mo dúnàádúrà: "Ó dára. Bí ọkọ̀ ṣe pẹ́ lójú òfurufú tó ni n óò jókòó tó."

"Àgbà ti sọ̀rọ̀." Ó bu omi fún mi mu, ó gbé òmíràn wá kí n fi ṣan ẹsẹ̀, ó sì gbé àga fún mi lẹ́bàá fèrèsé. Nísàlẹ̀, àwọn ìjọ kan ń kọrin nínú gbọ̀ngàn, àwọn oníṣòwò ń pe oníbàárà. Wákàtí kan ààbọ̀ tí ó kúrú lókè wá gùn gbọọrọ lórí àga. Ọkàn mi wà lára ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́: bí mo ṣe ń tutù, bẹ́ẹ̀ ni àyè àtigbé ọmọ ń dín kù.

Nígbà tí ó yá, Ìyá wá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi bí ẹni ń wo bí omi ìwẹ̀ ọmọ ti gbóná tó. Ó gbé ọmọ lé mi nítan.

"Kò tíì pé, Ìyá," ni mo wí.

"Afẹ́fẹ́ fẹ́ yín láti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ yín tètè balẹ̀."

Ọmọ náà di ìka mi mú, ó sì sùn. N kò mira títí ọkọ ọmọ mi fi mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ mi béèrè ìgbà tí n óò tún wá.

"Láìpẹ́," mo ní. "Ìtòsí náà ni."

Ìyá na ìka sí àga ẹ̀bá fèrèsé.