Sùtánà Tó Ń Dúró Dè Mí

Àjọkẹ́. Àjọkẹ́ ọmọ Ìkòyí, ọmọ àwọn tí ogun kì í lé padà sílé. Adúmáadán bí ẹni fi òróró para, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, eléyín funfun tí í fi ẹ̀rín lé ìbínú jáde nínú ilé. Ìyá àwọn ọmọ mi, ajíforin-kí-Ọlọ́run. Sùn un re o.

Orúkọ gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níbí ṣì wà lórí ahọ́n mi, ṣùgbọ́n ti Àjọkẹ́ nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Mi ò kàwé jìnnà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo kọ́. Aránbàtà ni mí ní Ayọ̀bọ̀, ṣọ́ọ̀bù mi sì dojú kọ ọ̀nà tí ìyàwó mi ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìjọ aláṣọ funfun ni tirẹ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n: bí wọ́n bá ti wọ sùtánà, wọn kì í wọ bàtà. Ẹ wá rò ó wò ná. Ọkọ ń rán bàtà, ìyàwó ń fi ẹsẹ̀ lásán kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, èyí tí wọ́n ti ń wọ bàtà, a sì máa ń tètè jáde. Kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀, mo ti padà dé, mo ti jókòó síta. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kì í jẹ́ kí Àjọkẹ́ kọjá lásán.

“Bàbá Oníbàtà,” á ní, “ṣé awọ ló tán ni, àbí ẹ ń bá ìyàwó yín jà?”

Àjọkẹ́ á dá a lóhùn láti ojú ọ̀nà pé Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló rán bàtà tí òun wọ̀, pé kò sì já rí.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ayọ̀bọ̀, tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, wọ́n ríran sí i nínú ìsìn pé kò ní dá jọ́sìn títí ayé rẹ̀, pé òun àti ọkọ rẹ̀ yóò jọ sin Olúwa nínú aṣọ funfun. Ó gbà á. Kò bá mi jà, kò sì bẹ̀ mí. Ó lọ ra aṣọ, ó rán sùtánà kan ní ìwọ̀n mi, ó gbé e kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó ní èmi ni, ìlérí ni. Mo ní èmi tí mo ń fi bàtà jẹun, kí àwọn oníbàárà mi wá rí mi lẹ́sẹ̀ lásán lójú títì? Ó ní kò burú, sùtánà ò kánjú.

Lóòótọ́ kò kánjú. Lọ́dọọdún, bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn bá ti ń bọ̀, á sọ ọ́ kalẹ̀, á fọ̀ ọ́, á fi búlúù sí i, á lọ̀ ọ́, á tún gbé e kọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, ó máa ń wo ikùn mi bí mo bá ń jẹun. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn sí bí oúnjẹ rẹ̀ ṣe ń wọlé ni, àṣé ó ń wọ̀n mí. Á tú ẹ̀gbẹ́ sùtánà, á fi aṣọ kún un. Àwọn ọmọ wa ní aṣọ kan wà nílé wa tó ń sanra láìjẹun.

Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta mọ́, bẹ́ẹ̀ òkúta ló pọ̀ jù lọ́nà tiwa. Mo ronú títí. Mo sọ lọ́kàn mi pé awọ ni àwọn aláṣọ funfun ò fẹ́, torí pé ara ẹran ló ti wá. Ni mo bá ra aṣọ funfun, mo fi rán bàtà kan, ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀, kódà aṣọ ni mo fi ṣe ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn ò wọ́pọ̀. Mo gbé e fún un bí ẹni gbé adé. Àjọkẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó yí i padà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Bàálé mi,” ó ní, “awọ o, aṣọ o, bàtà ni. Ilẹ̀ mímọ́ la fẹ́ fi ẹsẹ̀ kàn.”

Ilé ìdáná ló ti ń wọ̀ ọ́.

Ẹ̀rù ti ń bà mí nígbà yẹn. Mo sọ fún un níjọ́ kan pé ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, sùtánà ṣì wà lára ìṣó, ṣé Ọlọ́run rẹ̀ ò ti ń pẹ́ báyìí? Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

“Ọlọ́run kọ́ ló ń pẹ́ jàre. Ẹ̀yin ni.”

Àwọn alàgbà ìjọ gbà fún un pé kó máa wọ sálúbàtà dé ẹnu géètì, kó bọ́ ọ síbẹ̀, torí sìmẹ́ǹtì ni inú ọgbà. Mo sìn ín lọ, kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wa débẹ̀. Ṣùgbọ́n láti géètì dé ìjókòó, ó nílò ẹni tí yóò di apá rẹ̀ mú. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré wá. Ó ní kí wọ́n rọra, òun lọ́kọ. Ó dúró, ó ń wo bàtà mi. Mo bọ́ ọ. Mo mú un dé ààyè rẹ̀ lápá àwọn obìnrin, èmi náà lọ jókòó lápá ọkùnrin, níbi tí ó ti lè máa rí mi.

Mi ò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ náà dáadáa. Ọkàn mi wà lẹ́nu géètì, kí wọ́n má gbé bàtà mi lọ. Nígbà tí a jáde, ó wà níbẹ̀, wọ́n tún ti gbé òmíràn tì í, èyí tí okùn rẹ̀ já. Ẹnì kan nínú ìjọ ló fẹ́ kí n bá òun tún un ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàtà ti di òkìtì. Àwọn tí mo máa ń rí lẹ́sẹ̀ lásán lọ́jọ́ Ìsinmi, àṣé wọ́n ń wọ̀ ọ́ láti Ajé dé Àbámẹ́ta bíi ti gbogbo ayé. Àjọkẹ́ rẹ́rìn-ín nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi délé, bàtà olóbàtà kún itan rẹ̀.

Ìkórè dé. Kò ní kí n ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo sọ sùtánà kalẹ̀, tí mo wọ̀ ọ́ níwájú rẹ̀. Mo ti rù láti ìgbà tí àìsàn rẹ̀ ti dé, ó wá ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ lára mi bí aṣọ ojú fèrèsé. Gbogbo aṣọ tó ti ń fi kún un láti ọdún wọ̀nyí! Ó ní kí n súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi abẹ́rẹ́ ká a mọ́ mi lára, ó ń gún mi, mo ń pariwo, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin onírédíò rí wa nígbà tí a ń wọ kẹ̀kẹ́. Ó wo sùtánà, ó wo ẹsẹ̀ mi.

“Bàbá Oníbàtà, ẹ̀yin náà?”

Mo ní awọ ti tán.

Àjọkẹ́ ò lè jó lọ́jọ́ náà, mo bá jó fún àwa méjèèjì. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lórí ìjókòó rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

A tún jọ lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sùn, kò jí.

Ọjọ́ Ẹtì la sin ín. Wọ́n wọ sùtánà fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lásán. Èmi náà wọ tèmi. Mo tẹ̀lé e láti ilé dé ibojì, mi ò wọ bàtà.