Ihò Ara Ògiri

Owó gáàsì òní ìbá ra èédú ọdún kan nígbà èwe mi. Ẹni tó wá so sítóòfù gáàsì mi lu ihò sára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ó ní: “Bàbá, ẹ má dí i nítorí ọyẹ́ o.”

Nígbà tí mo ṣì kéré, lọ́sàn-án ọyẹ́ kan l'Ọ̀mù-Àrán, ìyá àgbà gbé àdògán èédú sí yàrá màmá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó fi àkísà dí fèrèsé.

Màmá mi rẹ́rìn-ín: “Ìyá, ẹ fẹ́ yan wá jẹ ni?”

“Sùn jàre. Òtútù ò gbọdọ̀ mú ọmọ.”

Mò ń bó ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn ará ilé ń gbé màmá mi àti ọmọ náà jáde, mo ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má jí wọn.

Ìyá àgbà kú láìmọ̀ pé èéfín èédú inú yàrá dídí ló pa wọ́n. Bàbá mi náà ti lọ. Èmi nìkan ló kù.